Òkun Tiwa Ni Mo Fẹ́ Fi Amọ̀ Mọ

Ọ̀pọ̀ àwòrán òkun tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tí ẹ máa ń rí káàkiri, òkun ibòmíràn ni. Omi rẹ̀ á mọ́ gaara, ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun á máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, iyùn pupa àti èyí tó ń dán á sì hù káàkiri ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó rẹwà, n kò jà á níyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé l'Ékòó, tí mo sì máa ń lọ wo òkun ní Orímẹ́dù àti Àgbádárìgì, n kò rí òkun yẹn rí. Èyí tí mo mọ̀ ni èyí tó ń ru gùdù, tó ń gbé iyanrìn bọ̀, tí ṣáwá ń kún inú àwọ̀n tí wọ́n bá fà jáde nínú rẹ̀. Òun ni mo pinnu láti máa mọ, òun náà ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Èèyàn á fi amọ̀ mọ ẹja, akàn, edé, ìjàpá òkun àti koríko òkun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ kí wọ́n gbẹ, á kùn wọ́n, á tò wọ́n sórí pákó tó ti kùn ní àwọ̀ omi, lẹ́yìn náà káfíńtà á bá a kan férémù tó jinnú sí i, kí ó lè ṣeé gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ibi tó ti le ni pé amọ̀ ní ìwà tirẹ̀, ẹja náà ní ìwà tirẹ̀, àfi kí èèyàn mọ ìwà àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí amọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣòfò. Amọ̀ ò jọ amọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ṣeré nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni plasticine, tí William Harbutt, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1897. Òróró ni wọ́n fi pò ó, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbẹ láéláé. Ó dára fún ọmọdé, ó sì dára fún ìdánrawò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e kọ́ ara ògiri nínú ooru Èkó, kò ní pẹ́ tí ìrù ẹja yóò fi tẹ̀ wálẹ̀. Òmíràn ni polymer clay. Ike ni ìyẹn, kì í ṣe erùpẹ̀ rárá. Inú ófùn ni wọ́n ti ń yan án, ooru rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá 110 sí 135 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ bá ṣe sọ. Bí ooru bá pọ̀ jù, á jóná, èéfín rẹ̀ ò sì dára láti fà símú. Ófùn gáàsì tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa kò ní ohun tó lè sọ fún wa ní pàtó bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Láti òkè òkun ni amọ̀ náà sì ti ń wá, iye rẹ̀ á sì máa bá dọ́là gòkè.

Amọ̀ tòótọ́, èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada n'Ílọrin fi ń ṣiṣẹ́, ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n iná ni wọ́n fi ń sun ún kó tó le, lẹbẹ ẹja tó tín-ín-rín kò sì ní la iná náà kọjá lọ́wọ́ ẹni tí kò jogún iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, èyí tí mò ń lò ni èyí tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ sè nílé. Ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀nùfíláwà àti gúlù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí gbogbo wa ń pè ní Top Bond, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Bràsíìlì, iṣẹ́ ọwọ́ tó gbajúmọ̀ gan-an ni, biscuit ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ife kan ìyẹ̀fun, ife kan gúlù, ṣíbí ìjẹun méjì òróró ìpara ọmọ ọwọ́, àti ṣíbí kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà. Ẹ máà yọ ọsàn wẹ́wẹ́ náà kúrò, òun ni kì í jẹ́ kí amọ̀ tètè hu èéhù. Ẹ pò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó kúnná kí ẹ tó gbé e kaná, kí iná náà sì kéré. Á kọ́kọ́ dà bíi pé kò fẹ́ ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà á ṣe kókó. Ẹ má jáwọ́, ẹ máa rò ó lọ bí ẹni ń ro àmàlà. Nígbà tó bá ti ń ṣí kúrò lára ìkòkò, tó kó ara rẹ̀ jọ sára ọmọ orógùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù lórí iná, á máa fọ́ bí ẹ bá ń mọ ọ́n. Bí kò bá jinná, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ fi òróró pa ọwọ́, ẹ pò ó nígbà tó ṣì gbóná débi tí ọwọ́ lè gbà á, títí á fi jọ̀lọ̀. Ẹ wá fi ọ̀rá wé e pinpin, kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ìkòkò tí ẹ bá fi sè é ti kúrò nínú ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn o.

Ohun kan wà nípa amọ̀ yìí tí ojú kì í tètè rí: bó bá ṣe ń gbẹ ló ṣe ń sún kì, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú sí i. Ìmọ́lẹ̀ á tún máa là á kọjá díẹ̀, nítorí náà mo máa ń pò ọ̀dà funfun díẹ̀ mọ́ ọn kí n tó fi àwọ̀ mìíràn sí i, kí ẹja mi má baà dà bí àbẹ́là. Bí mo bá fẹ́ ẹja tó gùn tó ìka ọwọ́ mi, mo máa ń mọ ọ́n kó gùn ju ìka náà lọ.

Sísún kì yìí náà ló ń fa sísán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó sanra, bí ìjàpá òkun, ẹ lè rún fọ́ìlì sínú rẹ̀ kí amọ̀ má baà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n fọ́ìlì kì í sún kì, amọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló ń sún. Ibi tí àwọn méjèèjì kò bá ti gbọ́ ara wọn yé ni amọ̀ máa ti là. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí n fi gúlù pa fọ́ìlì náà, kí n fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí n jẹ́ kí ìyẹn gbẹ tán pátápátá, kó sán bó bá fẹ́ sán, kí n tó wá fi èkejì bò ó. Ìpele kejì ló máa ń dúró. Bí ìlà wínníwínní bá ṣì yọ, mo máa ń pò amọ̀ díẹ̀ mọ́ gúlù kó ki, máa fi ìka rẹ́ ẹ sínú ìlà náà, máa sì fi sáńpépà ra á lẹ́yìn tó bá gbẹ.

Ojú ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Lásìkò ọyẹ́, ìta amọ̀ á ti gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, ìyẹn á sì fà á ya. Mo máa ń fi ọ̀rá tí mo dá ihò sí lára bo iṣẹ́ nígbà náà, kí ó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Lásìkò òjò, òdìkejì ni: iṣẹ́ á wà níbẹ̀, kò ní gbẹ, èéhù á sì máa wá ọ̀nà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni mo máa ń gbé e sí, lórí asẹ́, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. N kì í gbé e sóòrùn, ì báà jẹ́ pé mo ń kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, amọ̀ ló jẹ́ kí n mọ bí òwe yẹn ṣe jẹ́ òótọ́ tó.

Gbogbo èyí, ẹni tó bá ní sùúrù lè mọ̀ ọ́n. Èyí tó mú kí iṣẹ́ mi di iṣẹ́ ni ọjọ́ tí mo kúrò níbi wíwo fọ́tò, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo ẹja fúnra rẹ̀. Nílùú Orímẹ́dù, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, etí òkun gan-an ni àwọn apẹja ti máa ń gúnlẹ̀, àwọn ìyá ẹlẹ́ja á sì ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Mo kí ìyá kan níbẹ̀ pé, “Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wo ṣáwá yín yìí dáadáa?”

Ó ní, “Wò ó, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ wò lára rẹ̀?”

Mo ní, “Amọ̀ ni mo fẹ́ fi mọ irú rẹ̀, mà.”

Ó wò mí díẹ̀, ó wá mú ẹyọ kan, ó yí i sọ́tùn-ún sósì lójú oòrùn. “Bó o bá máa mọ ọ́n, má gbàgbé pé ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ ló funfun. Bí Ọlọ́run ṣe bò ó láṣìírí nìyẹn. Ẹyẹ tó wà lókè ń wo omi dúdú, ẹja ńlá tó wà nísàlẹ̀ ń wo ojú ọ̀run.”

Ọ̀rọ̀ yẹn tó ẹ̀kọ́ odindi ọdún kan. Àwọ̀ fàdákà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi kun ẹja, èyí sì ni kì í jẹ́ kí ẹja náà dà bí ohun tó wà nínú omi. Mo ra díẹ̀ lọ́wọ́ màmá, mo sì tẹ́ ẹyọ kan sórí ìwé funfun nílé. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú ju tòkè lọ, ẹnu rẹ̀ wá dà bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹyọ kan ni, ó sì wà ní nǹkan bí àárín ẹ̀yìn. Ìrù rẹ̀ là sí méjì, ó mú ṣóńṣó. Ojú rẹ̀ tóbi fún orí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró tó ní ewé díẹ̀ nínú, àwọ̀ náà á sì máa yí padà bí mo bá ṣe ń gbé orí mi. Nígbà tí mo fi ọwọ́ ra á láti orí lọ sí ìrù, ó ń yọ̀. Nígbà tí mo fi ọwọ́ ra á padà, ìpẹ́ rẹ̀ ń kọ́ mi lọ́wọ́.

Ìpẹ́ yẹn ló sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Etí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìrù ló kọjú sí. Bí ẹ bá fẹ́ fi sítíróò tẹ ìpẹ́ sára amọ̀ tútù, ẹ la ẹnu sítíróò náà sí méjì kó dà bí ìdajì òṣùpá, kí ẹ̀yìn òṣùpá náà sì máa kọjú sí ìrù. Fún ẹja ńlá tí ẹ bá fẹ́ lẹ ìpẹ́ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, láti ìdí ìrù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ níbi orí, kí ti iwájú lè máa gorí ti ẹ̀yìn. Lẹbẹ ni mo máa ń fi eyín òòyà tẹ̀ kí ìlà rẹ̀ lè yọ. Ojú ni mo máa ń fi sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, orí igi ìtayín ni mo sì máa ń fi kán ọ̀dà sí i.

Akàn etí òkun náà ṣeé wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dúró de èèyàn. Àwọ̀ iyanrìn ni àwọ̀ rẹ̀, èyí tó ń sá wọ ihò bí ẹ bá sún mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń rìn, ó wá ní ọwọ́ méjì tó fi ń já nǹkan, ọ̀kan sì tóbi ju èkejì lọ. Abẹ́ ìgbá rẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ti jáde, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ òkè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ akàn gbọ́dọ̀ wò ó pé orí ọ̀pá kékeré ni ojú náà wà, ó ń wo gbogbo àyíká lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tín-ín-rín ni mo ń ki bọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, torí amọ̀ nìkan kò lè gbé e dúró.

Ìjàpá òkun ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù, òun náà ni mo sì rí pé wọ́n ń mọ sódì jù. Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo inú àlọ́ ni wọ́n máa ń mọ, wọ́n á wá gbé e sínú omi. Ìjàpá orí ilẹ̀ lè fa orí wọnú ìgbá. Ti òkun kò lè ṣe é. Ìjàpá orí ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ kúkúrú tó dúró gbagidi. Ti òkun, àjẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ó gùn, ó sì pẹlẹbẹ, òun ló fi ń wa ara rẹ̀. Àárín ìgbá rẹ̀ sábà máa ń ní pẹpẹ márùn-ún, ìyẹn àwọn ègé líle tó bo ìgbá náà, tó tẹ̀ lé ara wọn láti ọrùn dé ìdí. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló máa ń fi irú rẹ̀ hàn. Mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì ni ti èyí tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n ń pè ní olive ridley, tó máa ń gun etí òkun wa lóru láti yé ẹyin sínú iyanrìn, sábà ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lápá kọ̀ọ̀kan. Òun ni mò ń mọ. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ka pẹpẹ wọ̀nyẹn tí wọ́n pé.

Ní ti iyùn, ìpinnu kan ni mo ṣe. Òkúta iyùn tó máa ń hù ní ìsàlẹ̀ òkun ibòmíràn, ẹ̀dá kéékèèké abẹ̀mí ló kọ́ ọ, omi tó mọ́ tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n sì fẹ́. Etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní irú àpáta iyùn ńlá bẹ́ẹ̀, nítorí omi odò ń gbé ẹrẹ̀ wá, omi tútù náà sì máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹyọ tí àwọn babańlá wa ná: àwọn erékùṣù Màlìdífù, lórí òkun Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi máa ń ní kí n fi owó ẹyọ sí ìsàlẹ̀ omi kí ó lè jọ ti Yorùbá. Èmi máa ń sọ fún wọn pé ṣáwá ju owó ẹyọ lọ ní jíjẹ́ tiwa. Àwọn kan máa ń gbà, àwọn kan kì í gbà, mo sì máa ń fi owó ẹyọ sí ara férémù fún àwọn tí kò bá gbà, kì í ṣe sínú omi.

Koríko òkun tí mò ń lò ni sargassum, èyí aláwọ̀ rúsúrúsú tó ti ń ya wọ etí òkun apá ibí yìí láti 2011. Kò ní gbòǹgbò nínú iyanrìn rárá. Ó ní kókó ròbòtò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn, àwọn ló ń gbé e léfòó. Nítorí náà òkè àwòrán ló ń gbé, kò gbé ìsàlẹ̀. Mo máa ń rọ́ kókó wọ̀nyẹn láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun mìíràn.

Àwọ̀ omi ni mo ti pẹ́ jù kí n tó rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Omi máa ń gbé àwọ̀ pupa mì kó tó gbé àwọ̀ búlúù, ìyẹn ni pé bí èèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni pupa ń kú. Ní òkè pákó, mo máa ń lo àwọ̀ ewé tí mo po eérú mọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi wa rí lẹ́bàá ilẹ̀. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ máa wọnú àwọ̀ aró. Akàn tó wà nísàlẹ̀ kì í pupa lọ́wọ́ mi bó ti wù kó rí. Àwọn ṣáwá, ìhà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, torí bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí àlàfo àárín wọn dọ́gba. Iyanrìn tòótọ́ ni mo ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ti etí òkun, ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan kí iyọ̀ rẹ̀ jáde, kí ẹ sì sá a gbẹ, torí iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra, gúlù kò sì ní mú dáadáa.

Mo máa ń fi ohun kan sí i tí àwọn èèyàn máa ń béèrè ìdí rẹ̀: ẹ̀já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kékeré, tó ń léfòó nítòsí ẹnu ìjàpá òkun. Nínú omi, ọ̀rá máa ń jọ ẹ̀dá rọ̀bọ̀rọ̀bọ̀ kan tí ìjàpá òkun ń jẹ, ó sì ń gbé e mì, ó sì ń kú nítorí rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀rá tí àwa fọwọ́ ara wa jù sí gọ́tà ni. Oníbàárà kan bẹ̀ mí pé kí n yọ ọ́ kúrò nínú tirẹ̀, mo ní kí ó jọ̀ọ́ gbé òmíràn tí kò ní ìjàpá nínú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ tí mo ti kùn ún, fáníìṣì ló kù, kò sì ṣeé fojú fò, torí amọ̀ yìí kì í bá omi ṣọ̀rẹ́. Èyí tó ń dán ni mo fi ń pa ẹja àti ojú wọn, èyí tí kì í dán ni mo fi ń pa akàn. Ẹ máà gbé e kọ́ sí bálùwẹ̀, ẹ máà gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, èkúté àti aáyán lè fẹ́ tọ́ ọ wò bí fáníìṣì kò bá délé dóko.

Àbùùbùtán ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní humpback máa ń wá sí òkun Gúlùfù Gíní láti bímọ ní apá kejì ọdún. Títóbi rẹ̀ ló ń fún mi níṣẹ́: bí mo bá mọ ọ́n bó ṣe yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáwá, pálọ̀ kankan kò ní gbà á. Mo ti pinnu láti fi í sí ọ̀nà jíjìn, kó kéré, kí àwọ̀ aró bò ó díẹ̀. Ìrù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò dúró lóròó bíi ti ẹja, lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gùn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ara rẹ̀. Mo ti ki wáyà bọ lẹbẹ náà, amọ̀ àkọ́kọ́ ti gbẹ, ó sì ti sán níbi méjì. Lọ́la ni n ó fi èkejì bò ó.